Kóòtù Tí Wọ́n Ń Rán Mọ́ Àlíù Lára

Kùtùkùtù àárọ̀ ni wọ́n máa ń rán an mọ́ ọn lára. Bí Àlíù bá ti kírun Àsùbáà tán, á dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ní Ajégúnlẹ̀, á na apá méjèèjì, Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ á sì gbé kóòtù náà wọ̀ ọ́. Kóòtù sójà ni, àwọ̀ ewé tó ti ṣá, ó gùn dé ojúgun, ó nípọn bí awọ màlúù. Bọ́tìnnì rẹ̀ ti já dànù tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Sàfúrátù kò wá bọ́tìnnì mìíràn. Abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò ló máa ń mú, pẹ̀lú okùn àpò, á wá rán iwájú kóòtù náà pọ̀ láti ọrùn títí dé ìsàlẹ̀ ìdodo, kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ sì mọ̀ pé a kì í ṣàdédé rán aṣọ mọ́ ènìyàn lára. Ẹni tí wọ́n ń rán aṣọ mọ́ lára gbọ́dọ̀ gé nǹkan sẹ́nu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́ ni wọ́n ń rán mọ́ ọn. Igi ìgbálẹ̀ kan ni Sàfúrátù máa ń fi há Àlíù lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé ìsàlẹ̀. A ti rí ẹni tí wọ́n fi owó pa lẹ́nu mọ́, a ti rí ẹni tí wọ́n fi ìbọn pa lẹ́nu mọ́. Ti Àlíù, igi ìgbálẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sì gùn rárá. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé, "Ìyá Àmínát, kóòtù yìí máa pa mí." Bí wọ́n bá yọ igi náà tán, ilẹ̀ á ti mọ́, àwọn èrò á ti máa dúró de ọkọ̀ ní etí omi, Sàfúrátù á sì ti máa wò ó pẹ̀lú ojú kan báyìí. Àlíù á gbé ọ̀rọ̀ náà mì, á gbé àjẹ̀ rẹ̀, á lọ.

Ọmọ Ṣakí ni. Ìlú àpáta ni Ṣakí, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń fẹ́ tí ètè á là. Lọ́hùn-ún, inú afẹ́fẹ́ ni òtútù ti ń wá. Ẹni tó bá ń mú, á gbé aṣọ lé aṣọ, ọ̀rọ̀ á sì parí. Kí Àlíù tó wá sí Èkó, omi tó jìn jù tó rí rí ni ti kànga. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe nílé, ó sì ti ń wá ibi tí yóò pa ìsọ̀ tirẹ̀ sí.

Láwàlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí Èkó, ní 1962. Ó ṣe lébìrà ní Àpápá títí, kó tó kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ àgbà Ìlàjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Pa Akínsànyà. Nígbà tó yá ó ra ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ onígi gbọọrọ, ó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ èbúté láti etí omi Ajégúnlẹ̀ lọ sí ara làítà, ìyẹn àwọn ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń já ẹrù sí láti inú ọkọ̀ òkun. Lẹ́yìn ogun, ó ra kóòtù náà lọ́wọ́ sójà kan tó ń lọ sílé. Òun àti kóòtù náà kì í yara.

Àfi ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá, 1974. Lọ́jọ́ náà Láwàlì jáde láìwọ kóòtù. Òjò pa á lórí omi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó dé ilé, ó ń gbọ̀n. Òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti sin ín.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ṣakí, Àlíù dé. Sàfúrátù ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bí ẹ̀sìn ti wí. Ẹbí wá jókòó. Wọ́n ní Láwàlì fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n ní ọmọ Láwàlì kò gbọdọ̀ lọ máa jẹun nílé ọkùnrin mìíràn, nígbà tí àbúrò wà láyé. Bí wọ́n ṣe ṣú Sàfúrátù lópó fún Àlíù nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó jí lọ́jọ́ kan, ó ti di olówó orí obìnrin tó fi ọdún méje jù ú lọ, ó ti di bàbá ọmọ mẹ́ta, ó ti di ọlọ́kọ̀, ó sì ti di ẹlẹ́wù. Kò sí ẹni tó bi í léèrè èwo ló wù ú nínú gbogbo ogún wọ̀nyí.

Kì í kúkú ṣe pé Sàfúrátù burú. Bó bá se ọbẹ̀, ẹja tó tóbi jù, Àlíù ni. Òun ló ń ta ògì lẹ́bàá ọ̀nà kí owó ilé-ìwé Àmínát má baà wọ́n. Nígbà ayé Láwàlì, "Ọkọ mi kékeré" ló máa ń pe Àlíù, á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì wọn, ó yí i padà sí "Bàbá Àmínát." Bí ó bá pe Bàbá Àmínát nínú ọgbà, ẹ̀yìn ni Àlíù á kọ́kọ́ wò, bóyá Láwàlì ló ń bọ̀. "Ẹ" ni wọ́n ń pe ara wọn, lọ́sàn-án, lóru, kò sì sí èyí tó lè kọ́kọ́ sọ ọ́ di "ìwọ" nínú àwọn méjèèjì.

Pa Akínsànyà náà ló kọ́ Àlíù ní ọkọ̀. Ìlàjẹ pọ́ńbélé ni bàbá yìí, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí oòrùn orí omi, ahọ́n rẹ̀ sì mú. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní 1975, tí Sàfúrátù fi abẹ́rẹ́ sí kóòtù náà fún ìgbà àkọ́kọ́, bàbá náà dúró ní etí omi, ó ń wo Àlíù bó ṣe ń rọra bọ̀, bí ẹni tó ru ilé.

"Kí lo wọ̀ yẹn?"

"Kóòtù ẹ̀gbọ́n mi ni, Bàbá."

"Mo mọ kóòtù ẹ̀gbọ́n ẹ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ, a jà sí i títí. Ta ló wá rán an báyìí? Ṣé ìrẹsì ló wà nínú ẹ̀ ni?"

Bàbá náà fọwọ́ kan okùn tó wà níwájú rẹ̀, ó mi orí.

"Gbọ́, ọmọ Ṣakí. Atẹ́gùn lo múra dè. Omi ni kó o múra dè. Atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, á kọjá. Omi tó bá mú ẹ kì í kọjá." Ó fa súẹ́tà dúdú tó wà lára òun fúnra rẹ̀, tó ti lu níbi ìgbúnwọ́. "Wò ó. Irun àgùntàn. Tó bá rẹ báyìí, ara mi á ṣì mọ̀ pé mo wọ aṣọ. Ẹ̀wù òwú ò dáa, tó bá ti mu omi tán, ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ẹ, táá máa fa òtútù sí ẹ lára. Ṣòkòtò péńpé. Ẹsẹ̀ lásán. Àdín láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Tí òjò bá wá pọ̀, rénkóòtù kúkúrú tí mo lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo já sílẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo, o gbọ́? Torí pé ọwọ́ kejì, ọkọ̀ ló máa dì mú."

"Irun àgùntàn náà ni kóòtù yìí, Bàbá."

"Mi ò bá irun ẹ̀ jà. Ìwúwo ẹ̀ ni mò ń bá jà. Ṣé mo purọ́? Ó dáa, bọ́ sínú omi níbí tó mọ ẹ láyà, bó o ṣe wà yẹn. Màá dúró tì ẹ́. Tó o bá lè rìn jáde fúnra ẹ, wọ̀ ọ́ lọ, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Bá a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ìkúùkù là ń dì."

Àlíù wo omi. Ó wo àwọn èrò tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ro ti Sàfúrátù, bí yóò ṣe bá a pẹ̀lú kóòtù tó rẹ gbindin, kí ni yóò sọ pé ó ṣe é? Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, òun náà kò mọ̀.

"Ó di ọ̀la, Bàbá," ló wí. Ọ̀la náà kò dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ létí. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òkìríkà ní Olódì, ó fọwọ́ pa súẹ́tà bí ogún kó tó rí ọ̀kan dúdú tó há mọ́ ọn lára dáadáa, irun àgùntàn gidi, tó ń jẹ ènìyàn lára. Ó gbé e pamọ́ sí ilé Pa Akínsànyà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó já okùn kóòtù náà, ó bọ́ ọ, ó wọ súẹ́tà, ó fi wa ọkọ̀ títí di ọ̀sán, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń bá àwọn èrò ṣeré. Kó tó lọ sílé ó wọ kóòtù padà, ó wá abẹ́rẹ́, ó rán an bó ṣe lè ṣe é.

Sàfúrátù kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi rí i. Ó dúró, ó wo okùn náà.

"Ọwọ́ mi kọ́ nìyí," ló wí.

Kò bú u, kò bi í ní nǹkan kan. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun lọ́jọ́ kejì, Àmínát ọmọ ọdún mẹ́wàá ló gbé oúnjẹ wá fún Àlíù, tó sì ń wò ó bí ẹni tó na ìyá rẹ̀. Àlíù ì bá ti fara mọ́ èébú. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, Sàfúrátù sọ okùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Ní oṣù keje, omi Àpápá kún. Ọkọ̀ òkun tó kó símẹ́ǹtì pọ̀ débi pé ènìyàn ò lè ka wọ́n tán, làítà ń lọ, làítà ń bọ̀, kò sí èrò tó fẹ́ dúró de òjò. Àlíù gbé ènìyàn mẹ́fà lọ́jọ́ kan, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan làítà, nígbà tí ọkọ̀ kékeré alágbára kan tó ń fa ọkọ̀ ńlá sáré kọjá lẹ́yìn wọn. Ìgbì tó tẹ̀ lé e gbé ọkọ̀ Àlíù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n fò di táyà tó wà lára làítà mú. Àlíù lọ sínú omi.

Kò rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tiẹ̀ rò pé òun máa lúwẹ̀ẹ́, torí Pa Akínsànyà ti kọ́ ọ díẹ̀, bí ajá ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ju apá. Apá kò lọ. Kóòtù náà ń mu omi, ó ń mu ún láìkánjú, láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, bí ó sì ti ń mu ún ló ń fà á. Ó wá okùn níwájú àyà rẹ̀, ó rí i, ó fà á. Ìlọ́po méjì. Ó fi eyín mú èyí tó wà lọ́rùn, omi wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Òtútù omi náà wá wọlé sí i lára nínú aṣọ, ó sì dúró síbẹ̀. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé, "Wọ́n ti rán mi pa." Inú bí i ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ.

Uchenna ló yọ ọ́. Uchenna jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé àpò símẹ́ǹtì, ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń fa ẹrù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà gbalaja sórí làítà, ó sọ ìkọ́ náà sínú omi, ó há sí ẹ̀yìn ọrùn kóòtù. Ènìyàn mẹ́ta ló fà á kí wọ́n tó rí orí Àlíù.

Nígbà tó bì tán, tó mí tán, Uchenna lu kóòtù náà pẹ́pẹ́ bí ẹni lu ẹṣin.

"Na dis coat save you o! If no be say e strong, wetin my hook for hold? Skin?"

Ẹ gbọ́ nǹkan! Àlíù fẹ́ sọ̀rọ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Uchenna kò sì fi mọ síbẹ̀. Òun ló sìn ín dé ilé, òun ló dúró láàrín ọgbà tó sọ ìtàn náà fún Sàfúrátù àti gbogbo alábàágbé, tó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ìkọ́ ṣe há sí kóòtù. Sàfúrátù kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Uchenna, ó sì di kóòtù náà mọ́ra bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Gbogbo ilé ń kí Àlíù kú ewu. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Sàfúrátù fi sá kóòtù náà nídìí iná. Ọjọ́ mẹ́ta náà ni Àlíù fi wà lórí ẹní, tó ń wo bí aṣọ náà ṣe ń rú èéfín, tó ń gbẹ. Ó rò ó pé kí òun sá lọ sí Ṣakí. Ó ro ti Àmínát àti àwọn àbúrò rẹ̀, ó yí ara padà sí ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó kírun tán, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Sàfúrátù gbé kóòtù wọ̀ ọ́. Ó fi igi ìgbálẹ̀ há a lẹ́nu. Ó ki okùn bọ abẹ́rẹ́, ó fi abẹ́rẹ́ náà wọ aṣọ ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀.

Àlíù tu igi náà dànù.

Sàfúrátù fò sẹ́yìn. "Bàbá Àmínát! Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ! Ẹ má sọ̀rọ̀!"

"Màá sọ̀rọ̀. Ìyá Àmínát, kóòtù yìí fẹ́ pa mí. Kò gbà mí. Uchenna ló gbà mí. Tí kò bá sí kóòtù, mi ò ní rì rárá. Nígbà tó rẹ, ènìyàn mẹ́ta ló fà á. Ẹ ò mọ bó ṣe ń wúwo, ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń rán an mọ́ mi lára lójoojúmọ́!"

"Mi ò mọ̀ ọ́n?" Ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

Àlíù yí ojú sí i.

"Ìtúnu ààwẹ̀ ń bọ̀ nígbà náà. Mo ní kóòtù náà ti ń rùn, mo ní kò yẹ kí ọkọ mi máa fi wọ inú ọdún. Ẹ̀gbọ́n yín kò ní kí n fọ̀ ọ́ o. Ó ti sùn ni mo gbé e sínú omi. Tipátipá ni mo fi gbé e jáde, Bàbá Àmínát. Mo fún omi ara ẹ̀, kò ṣe é fún. Òjò kò jẹ́ kó gbẹ. Ó jí, ó wá a, ó rí i lórí okùn tó ń kán tó-tó-tó. Kò bá mi jà. Ó rẹ́rìn-ín ni. Ó ní òjò kì í pa ọlọ́kọ̀." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Àwọn èèyàn yín ní Ṣakí bi mí pé kí ló dé tí kò wọ kóòtù. Mo ní ó gbàgbé ẹ̀ ni."

Àánú rẹ̀ ṣe Àlíù. Bí ó bá jẹ́ pé agídí ni Sàfúrátù ń ṣe, ì bá mọ bí yóò ṣe bá a jà. Báwo ni ènìyàn ṣe ń bá èyí jà?

"Tí ẹ bá wọ èyí tó wù yín," Sàfúrátù wí, "tí ẹ kú, èmi ni mo pa yín. Tí ẹ bá wọ èyí tó wù mí, tí ẹ kú, èmi náà ni. Ó ti sú mi. Ẹ̀yin ni ọkọ. Ẹ bá mi yàn."

Àlíù bọ́ kóòtù náà. Ó ká a, ó gbé e sórí àpótí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀.

Ó gba ilé Pa Akínsànyà lọ, ó fi àdín para, ó wọ súẹ́tà dúdú, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Bàbá náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó fa súẹ́tà náà wò níbi ọrùn, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n. O ti jọ ọlọ́kọ̀ díẹ̀." Nígbà tí wọ́n dé etí omi, ó ní kí ó bọ́ sínú rẹ̀. Àlíù bọ́ sí i títí omi fi mọ ọ́n láyà. Òtútù gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ara rẹ̀ sì gbà á. Ó ju apá, apá lọ. Ó rìn jáde fúnra rẹ̀.

Òjò ti ń wọ́ sílẹ̀ nígbà tí èrò mẹ́fà wọlé, Uchenna wà nínú wọn. Àlíù ti ọkọ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé àjẹ̀ ń yára jù fún un, ó sì ní láti dẹ ọwọ́. Láti ìgbà tó ti dé Èkó, kò tíì wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ kọrin. Ó ṣíjú wẹ̀yìn láti wo bí wọ́n ti jìn tó, ó sì rí Sàfúrátù ní etí omi.

Ó dúró lórí ẹrẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ṣí. Kò gbé ògì rẹ̀ dání. Kò borí. Aṣọ ilé tó wọ̀ ní òwúrọ̀ náà ló wà lára rẹ̀, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà.

Yóò lọ, Àlíù wí fún ara rẹ̀. Ó wa ọkọ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí omi ti yà, ó tún wẹ̀yìn wò. Òjò ti di òjò gidi. Sàfúrátù ṣì wà níbẹ̀, bó ṣe kéré tó níwájú àwọn páànù ilé, kò sì wá abẹ́ kankan sá sí. Báyìí ni ti Láwàlì náà ṣe bẹ̀rẹ̀, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Àlíù fi àjẹ̀ gún omi, ó yí imú ọkọ̀ padà.

"Wetin happen?" Uchenna pariwo. "We don late o! Àlíù! You forget something?"

Àlíù kàn ń wa ọkọ̀ lọ. Àwọn tó kù ń bú u ní èdè mẹ́ta títí wọ́n fi dé etí omi. Ó fò sínú ẹrẹ̀, ó dúró níwájú obìnrin náà, omi òjò ń ṣàn lójú àwọn méjèèjì.

"Ìyá Àmínát, ẹ máa lọ sílé. Òjò ń pa yín."

Ètè Sàfúrátù ti ń gbọ̀n. Ó wo súẹ́tà náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, ó wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti dé ni?"

"Dé láti ibo? Mi ò tíì lọ ibì kankan."

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Bí ẹ bá ti dé, màá lọ sílé."